Odò Kejì

Ẹni tó bá fẹ́ da odò sórí ìtàgé láìjẹ́ kí pákó rà, ìmọ́lẹ̀ ni yóò fi dà á. Iṣẹ́ obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìmọ́lẹ̀ nìyẹn. Kò tíì bímọ, kò sì tíì dàgbà tó ẹni tí à ń pè ní ìyá, ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti máa ń gbé fìtílà dání fún bàbá rẹ̀, tó ń kun aṣọ ẹ̀yìn ìtàgé nínú gbọ̀ngàn yìí kan náà. Àwọn òṣèré ló fi ẹ̀fẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ nígbà náà, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára bí ẹ̀wù àtijọ́. Bàbá rẹ̀ ti lọ. Ọ̀dà tó ṣẹ́kù nínú àwọn agolo rẹ̀ ti gan. Ohun tí bàbá ń fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe, kọ̀ǹpútà ni ọmọ fi ń ṣe é báyìí: á ya àwòrán, á mú kí àwòrán náà máa rìn, ẹ̀rọ ńlá kan tí wọ́n so mọ́ irin lókè gbọ̀ngàn á sì tàn án sílẹ̀. Igbó á hù lórí pákó láìsí ewé, ilé á jó láìsí èéfín, àwọn tó jókòó níwájú á sì máa fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn nítorí omi tí kò lè rin aṣọ ẹnikẹ́ni.

Eré tí wọ́n ń múra sílẹ̀ fún lọ́tẹ̀ yìí, eré ọba àgbà kan ni, tó fi ìbínú lé ọmọ rẹ̀ obìnrin jáde nílé, tó wá fẹ́ kọjá odò lọ bẹ̀ ẹ́ nígbà tí ọjọ́ ayé rẹ̀ ti lọ. Òkúta méje ló wà nínú odò náà. Lórí òkúta kọ̀ọ̀kan ni ọba yóò ti dúró, tí yóò jẹ́wọ́ ohun kan tó ṣe. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré yìí, Ìyá Ìmọ́lẹ̀ kò tíì lè so okùn bàtà ara rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló kun odò ọjọ́ náà sórí aṣọ gígùn kan tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó ṣe ọba lọ́jọ́ náà ni yóò tún ṣe é lọ́tẹ̀ yìí.

Òun ni wọ́n ń pè ní Kábíyèsí. Ó ti ṣe ọba lórí ìtàgé pẹ́ débi pé àwọn awakọ̀ a máa yọ orí lójú fèrèsé kí i lójú pópó, òun náà á sì gbé ọwọ́ sókè bí ẹni pé òun ló ni títì. Ìyàwó rẹ̀, tí kò sí ẹni tí kì í pè ní Olorì, a máa sọ pé, “Ẹ ṣáà máa kí i. Ọba tí kò mọ ibi tí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ wà.”

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ni pé Kábíyèsí kò rí òkúta tẹ̀.

Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Á dúró létí odò bí igi ńlá, á sọ̀rọ̀ tí ara gbogbo ènìyàn á bù máṣọ, á gbé ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ náà á sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkúta, sínú omi. Òkúta kejì, bákan náà. Ẹ̀kẹta, bákan náà.

“Kábíyèsí, ẹ ti rì o!” ni Olùdarí kígbe láti ibi àga ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

“Ọba kì í rì,” ni Kábíyèsí dá a lóhùn. “Omi ló ń ga.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rín dínkù. Nígbà tó yá, bí ó bá ti gbé ẹsẹ̀ báyìí, ńṣe ni kálukú á máa wo ibòmíràn.

Ara rẹ̀ ni Ìyá Ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ fura sí. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ̀ pé bí ẹ̀rọ bá fi ìwọ̀n èékánná sún lókè, àwòrán á fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ ṣìnà nísàlẹ̀. Ó gun àkàbà lọ sókè, ó yẹ ìdè irin wò, ó tan ìlà funfun sórí pákó, ní ìbú àti ní òòró, bí ìwé ìṣirò ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Gbogbo ìlà náà tọ́. Kò ì tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó pe Káfíńtà, ọkùnrin tó ti ń kan nǹkan mọ́ nǹkan nínú gbọ̀ngàn náà láti ayé bàbá Ìyá Ìmọ́lẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọjá odò.”

Káfíńtà gbé òòlù sílẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè bí ẹni pé yóò tutù lóòótọ́. “Kí ni kí n sọ bí mo bá dé orí òkúta?”

“Ẹ má sọ nǹkan kan.”

“Ọba odi. Kò burú.”

Ó tẹ òkúta méjèèje láìṣi ọ̀kan, ó sì jó díẹ̀ lórí èyí tó kẹ́yìn.

A jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀rọ ló ṣìnà. Ìyá Ìmọ́lẹ̀ lọ bá Kábíyèsí níbi tó dúró sí ní ẹ̀gbẹ́ ìtàgé. Bàbá kò yíjú sí i títí ó fi kí i. Ohùn rẹ̀ ló fi mọ ibi tó wà.

“Ìyá Ìmọ́lẹ̀, àwọn òkúta rẹ yìí, jẹ́ kí wọ́n mọ́lẹ̀ sí i.”

Ó jẹ́ kí wọ́n mọ́lẹ̀ sí i. Bàbá ní kí ó tún fi kún un. Ó tún fi kún un, títí Olùdarí fi wá dúró sí ẹ̀yìn àga rẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà.

“Kí lèyí? Òkúta ni mo ní kí o bá mi ṣe. Èyí dà bí ẹyin tí wọ́n bó sínú omi.”

“Kábíyèsí ló ní kí n ṣe é bẹ́ẹ̀.”

Olùdarí fa àga kan, ó jókòó, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. “Gbọ́. Rọ́bà dúdú tí a ó tẹ́ sórí ìtàgé ń bọ̀ lọ́la, èyí tí yóò jẹ́ kí omi rẹ máa dán. Ọ̀túnla ni ìdánrawò ìkẹyìn. Bí Kábíyèsí bá tún rì lọ́túnla, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni màá dé adé fún.” Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni òṣèrékùnrin kan tí ara rẹ̀ rí bí orúkọ rẹ̀, tó ti mọ gbogbo ọ̀rọ̀ ọba sórí, tí ojú sì máa ń tì bí wọ́n bá bi í pé ṣé ó mọ̀ ọ́n.

“Ṣé ẹ ti sọ fún wọn?”

“Ẹni tó kọ́ mi bí ènìyàn ṣe ń dúró lórí ìtàgé? Ẹnu wo ni kí n fi sọ ọ́?” Olùdarí wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. “Ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kí èrò fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n kúkú bínú sí mi.”

Nígbà tí àwọn òṣèré lọ jẹun ọ̀sán, Ìyá Ìmọ́lẹ̀ kò lọ. Ó ní àwòrán gbogbo ìdánrawò nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, nítorí ó máa ń gbé kámẹ́rà kan sókè láti fi wo bí iṣẹ́ òun ṣe rí. Ó mú gbogbo ìgbà tí Kábíyèsí ti kọjá odò, ó tò wọ́n lé ara wọn lórí, bí ìgbà tí ènìyàn bá to bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé ara wọn níwájú fìtílà. Ó rò pé òun yóò rí rúdurùdu. Ohun tó rí yà á lẹ́nu. Ojú kan náà ni ẹsẹ̀ ọba ń bọ́ sí lójoojúmọ́, wọ́n sì tò tẹ̀lé ara wọn lẹ́sẹẹsẹ. Gbogbo rẹ̀ kàn yà sí ẹ̀gbẹ́ àwọn òkúta tirẹ̀ ni.

Ó fi ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹni tó ṣìnà kì í ṣìnà sójú kan náà lójoojúmọ́. Bí ẹni pé odò mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò tirẹ̀, tí òun kò yà, tí ojú òun kò rí, tí ọba sì ń kọjá rẹ̀ láìṣi ẹsẹ̀ gbé. Ta ló ya odò náà?

Ó dìde, ó lọ sórí ìtàgé, ó sì dúró síbi tí ẹsẹ̀ bàbá ti máa ń bọ́ sí. Pákó dúdú ló rí, kò sí nǹkan mìíràn. Ó rántí pé bàtà awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ọba ń wọ̀ nínú eré náà. Ó bọ́ bàtà tirẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wá ilẹ̀. Nǹkan kan wú sókè díẹ̀ níbẹ̀, kò ju etí ìwé lọ. Ó kúnlẹ̀, ó fi èékánná họ ọ́. Téèpù ni, tí wọ́n lẹ̀ bí àgbélébùú kékeré, tí wọ́n sì fi ọ̀dà dúdú kùn mọ́lẹ̀. Òmíràn wà níwájú rẹ̀. Òmíràn tún wà níwájú ìyẹn.

Káfíńtà ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó ń nu ẹnu.

“Ẹ̀gbọ́n, kí ni àwọn téèpù yìí?”

“Ti àwọn oníjó ni. Eré tó ṣáájú tiwa yìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ń dúró sí bí wọ́n bá tò.” Ó rí ojú tó fi ń wo òun. “Kí ló dé? Ta ni yóò máa ha téèpù kúrò nílẹ̀ lọ́jọ́ orí mi yìí? Mo kùn ún lọ́dà, ó parí. Ọ̀dà kì í pa ènìyàn.”

Ìyá Ìmọ́lẹ̀ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, àwọn nǹkan kéékèèké sì ń wá sí i lọ́kàn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àlejò tó ti ń kan ilẹ̀kùn tipẹ́: pé Olorì ló ń ka ìwé eré fún bàbá báyìí, tí wọ́n ní nítorí ìfẹ́ ni, pé ọwọ́ rẹ̀ máa ń rìn lórí tábìlì kó tó dé ìdí ife, pé kì í kí ènìyàn mọ́ àfi tí ènìyàn bá kọ́kọ́ kí i. Àti ìbọ̀sẹ̀.

Ó bá Kábíyèsí ní yàrá ìmúra, òun nìkan, níwájú dígí tí wọ́n pa gílóòbù rẹ̀.

“Bàbá, ẹ kú ìsinmi.”

“Ìyá Ìmọ́lẹ̀. Jókòó, àga kan wà níbẹ̀ yẹn.” Ó nawọ́ sí ibi tí kò sí àga.

Ó ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. “Bàbá, báwo lẹ ṣe ń mọ ibi tí òkúta wà?”

Kábíyèsí gbé ẹsẹ̀ kan sókè díẹ̀. “Ẹsẹ̀ mi ló ń sọ fún mi. Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní kí wọ́n lẹ téèpù fún mi ni? Mo ní, ẹ wo ọmọ dáadáa, ó ti fura, kò sì pariwo.”

“Téèpù àwọn oníjó ni, Bàbá. Ti eré tó kọjá.”

“Oníjó?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Áà. Nítorí náà, láti ọjọ́ yìí, tí mo rò pé ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀, ijó ni mò ń jó.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi lé ròrò sí i lójú. Ẹ̀rín náà lọ, omi ojú dúró.

“Ojú ń lọ, ọmọ mi. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ, bí àlejò tí kò fẹ́ kí wọ́n sin òun dé ẹnu ọ̀nà. Mo mọ̀ bí ìmọ́lẹ̀ bá wà níbì kan. Ohun tó jẹ́ ni n kò mọ̀ mọ́.”

“Ṣé Olorì mọ̀?”

“Ta lo rò pé ó ń bá mi wá ìbọ̀sẹ̀?” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. “Èmi àti bàbá rẹ la jọ bẹ̀rẹ̀ odò yìí. Mo fẹ́ kọjá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, tinútinú, kí n tó lọ jókòó sílé. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn ìyẹn, kí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ máa jọba títí adé yóò fi wọ̀ ọ́ lọ́rùn.”

Bàbá ló tún bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti yàtọ̀, ó ti di ohùn ẹni tó fẹ́ mọ nǹkan.

“Odò tí bàbá rẹ kùn, mo rí i. Tìrẹ ni n kò rí. Báwo ló ṣe rí?”

Kò sí ẹni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí. Ojú ni gbogbo ènìyàn fi ń gba iṣẹ́ rẹ̀. “Omi ni, Bàbá,” ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ti gbẹ tó. Ó di ojú tirẹ̀ náà kó lè rí odò dáadáa. “Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tó ti já sínú ìkòkò omi tipẹ́. Lókè, ó ń ṣe bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, tí afẹ́fẹ́ ń gbé. Tó bá dé ìdí òkúta, á pín sí méjì, á gba ọ̀tún, á gba òsì, á tún wá pàdé ara rẹ̀ lẹ́yìn òkúta, bí ọmọ ìyá méjì tó jà láàárọ̀.”

“Ẹ̀n-ẹ́n.” Bàbá tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ẹja ńkọ́?”

Ìyá Ìmọ́lẹ̀ la ojú. “Ẹja wo?”

“Bàbá rẹ kì í kun odò kó má fi ẹja kan pamọ́ sínú rẹ̀. Má sọ fún mi pé o kò fi sí i.”

Ó ti rò pé òun nìkan ló mọ̀ nípa ẹja yẹn láyé. “Ó wà níbẹ̀,” ó sọ jẹ́jẹ́. “Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta kẹrin. Kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ó ń lọ, ó ń bọ̀.”

“Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀,” ni bàbá wí, ara rẹ̀ sì balẹ̀.

“Màá bá yín wá ọ̀nà. Ṣùgbọ́n Olùdarí gbọ́dọ̀ mọ̀ kí èrò tó wọlé, Bàbá. Etí ìtàgé ga. Bí ẹ bá ṣubú, kí ni màá sọ fún Olorì?”

“Bí ọ̀nà bá wà, èmi fúnra mi ni màá sọ fún un. Bí kò bá sí, kí la fẹ́ sọ?”

Lọ́jọ́ kejì, rọ́bà dúdú dé, Káfíńtà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì tẹ́ ẹ. Ó dán, ó tẹ́jú bí ojú àwo. Odò àwọn oníjó wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ kankan kò lè mọ̀ ọ́n mọ́. A kò sì lè fi nǹkan mìíràn sábẹ́ rẹ̀ láàárín ibẹ̀, nítorí ohunkóhun tó bá wú sókè nínú odò, ìmọ́lẹ̀ á fọ́ lórí rẹ̀. Ìyá Ìmọ́lẹ̀ jókòó, ó ń wò ó. Nínú iṣẹ́ rẹ̀, àwòrán ni ọ̀gá. Àwòrán á dúró síbi tí wọ́n fi sí, òṣèré ni yóò wá a lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ṣe ń ṣe é, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè rí. Ó wá bi ara rẹ̀ báyìí: kí ló dé tó jẹ́ pé ènìyàn ló gbọ́dọ̀ wá òkúta? Kí ló dé tí òkúta kò lè wá ènìyàn?

Ó ní kámẹ́rà kékeré kan tó ń ríran nínú òkùnkùn, tó ti rà tipẹ́ nítorí pé ó fẹ́ mọ ohun tó lè ṣe. Ó gbé e kọ́ sókè, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì kọ́ ọ pé ibikíbi tó bá ti rí nǹkan tó ń dán, kí òkúta kan hù láti inú omi níbẹ̀. Kámẹ́rà náà kò mọ ọba, kò mọ ìránṣẹ́. Ohun tó bá ń dán nìkan ló mọ̀. Ó lẹ bébà dídán mọ́ orí bàtà Kábíyèsí, ó sì mú bàbá wá sórí ìtàgé nígbà tí àwọn yòókù ti jáde.

Bàbá gbé ẹsẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó gbé ìkejì. Òkúta hù lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó ti kúrò níbẹ̀ ló ń hù. Kámẹ́rà ní láti rí i, kọ̀ǹpútà ní láti rò ó, ẹ̀rọ òkè ní láti tàn án. Kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó gbọ́ ara wọn yé, ọba ti lọ.

“Ó ti hù?” ni bàbá bi í.

“Ó hù, Bàbá, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́.”

“Òkúta rẹ dà bí onílé tó ń wá àga nígbà tí àlejò ti ń dágbére.”

Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà, inú rẹ̀ kò dùn. Ó yọ bébà dídán kúrò lára bàtà bàbá kó tó lọ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ọ̀pá tí ọba ń mú dání nínú eré kó má bàa sọnù. Bàbá dúró, ó ń dúró dè é. Bí àgbàlagbà ti máa ń ṣe bí wọ́n bá ní kó dúró, ó na ọ̀pá síwájú, ó ń fi gbá ilẹ̀ pẹ́pẹ́pẹ́.

Òkúta kan gbé orí jáde láti inú omi, níbi tí ọ̀pá wà.

“Bàbá, ẹ dúró!” Ó fò dìde. “Ẹ tún ṣe é. Ẹ na ọ̀pá síwájú, kí ẹ fi kan omi. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ó yá, ẹ gbé ẹsẹ̀ sí ìdí ọ̀pá.”

Ọ̀pá kan omi, òkúta jí, ẹsẹ̀ ọba bọ́ sórí rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó tún na ọ̀pá. Òkúta tún jí. Kò dà bí ẹni tó ń táràrà mọ́. Ó dà bí ẹni tó ń pe òkúta ní orúkọ, tí wọ́n sì ń jẹ́ ẹ.

“Sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún mi,” ni bàbá wí, bí ó ti ń lọ. “Má dákẹ́. Sọ ọ́ fún mi.”

Ó sọ ọ́ fún un títí ó fi dé òdìkejì.

Etí ìtàgé ló kù. Ibẹ̀ kò sí omi, nǹkan lè wú níbẹ̀ láìba àwòrán jẹ́. Ó ní kí Káfíńtà bá òun na okùn sábẹ́ rọ́bà, láti igun dé igun, kí ọ̀pá lè kàn án kí ẹsẹ̀ tó dé bèbè. Káfíńtà kò bi í léèrè ìdí rẹ̀. “Mo ti bo nǹkan tó pọ̀ ju èyí lọ mọ́lẹ̀ nínú ilé yìí,” ló wí. “Okùn náà kì í pa ènìyàn.” Ibi tí ọba ń lọ kò ṣòro láti mọ̀: nínú eré náà, ọmọ rẹ̀ obìnrin máa ń kọrin lódìkejì odò, ohùn rẹ̀ sì dùn, kò sẹ́ni tó lè ṣì í gbọ́.

Ní ìdánrawò ìkẹyìn, gbogbo wọn jókòó, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, adé ń dẹ́rù bà á. Omi tàn. Kò sí òkúta kankan nínú rẹ̀. Olùdarí ti la ẹnu tán láti pariwo, ni Kábíyèsí bá na ọ̀pá. Òkúta àkọ́kọ́ jáde, ọba gun un, ó sì jẹ́wọ́ ohun àkọ́kọ́. Nígbà tó fi máa dé òdìkejì, kò sí ẹni tó mí fìn-ín nínú gbọ̀ngàn.

Olùdarí fò sókè, ó ń pàtẹ́wọ́. “Kábíyèsí! Kábíyèsí! Ẹ rí àwọn òkúta yẹn?”

“Òkúta wo?” ni bàbá wí. “N kò rí òkúta kankan.”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró, ó dojú kọ ibi tí ohùn Olùdarí ti wá, àmọ́ ojú rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá díẹ̀, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti máa ń gba ẹ̀gbẹ́ òkúta. Ẹ̀rín ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, láti iwájú lọ sẹ́yìn.

Olùdarí rìn wá sórí ìtàgé. “Láti ìgbà wo?”

“Ó ti pẹ́ díẹ̀.”

“Ẹ kò sì sọ fún mi. Èmi.”

“Ìwọ ni n kò lè sọ fún, ọmọ mi. Ìwọ ni mo kọ́ láti máa wo iwájú.”

Ìyá Ìmọ́lẹ̀ di etí tábìlì mú. Ó rí i tí Olùdarí ń wo ọ̀pá, tó ń wo bèbè ìtàgé, tó ń wo òkè níbi tí kámẹ́rà wà, tó sì wá wo òun náà. Ìyá Ìmọ́lẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún un níwájú gbogbo ènìyàn: okùn, bébà dídán, orin. Olùdarí gbọ́ ọ títí dé òpin.

“Ẹ tún un ṣe,” ló wí.

Òun fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó lọ dúró sísàlẹ̀, ní bèbè, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ. Ọba tún kọjá. Kò sún mọ́ bèbè rárá. Olùdarí sọ ọwọ́ kalẹ̀. “Lọ́la, ibí yìí náà ni màá wà,” ni gbogbo ohun tó sọ. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ eré, gbọ̀ngàn kún. Olorì ti fi odidi ọ̀sán nu òrùka ọba títí ó fi ń kọ mànà. “Bí o kò bá rí i, àwọn á rí i,” ló sọ fún ọkọ rẹ̀, ó fi í sí i ní ìka ọwọ́ òsì, ó sì lọ jókòó síwájú. Ìyá Ìmọ́lẹ̀ kò mọ̀ nípa òrùka. Bí ó bá mọ̀ ni, ẹ̀rù ì bá bà á.

Orin bẹ̀rẹ̀ lódìkejì. Omi tàn. Ọba na ọ̀pá, òkúta jí, ó gun un, ó jẹ́wọ́. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lábẹ́ aṣọ. Òkúta kejì. Ẹ̀kẹta. Lórí ìkẹrin, ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, kò sì lọ. Nínú ìwé eré, kò sí pé kí ó dúró. Orin ń lọ. Ìyá Ìmọ́lẹ̀ rí i pé ó ń bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó fi ọ̀pá gbé ara ró. Ó yọ ọwọ́ òsì jáde láti abẹ́ aṣọ, ó nà án sí ẹ̀gbẹ́ òkúta kẹrin, ó sì fi ìka kan omi.

Òrùka kọ mànà. Kámẹ́rà tí kò mọ ọba, tí kò mọ ìránṣẹ́, rí ohun tó ń dán. Lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà náà, òkúta wẹẹrẹ bẹ̀rẹ̀ sí hù, kéékèèké, bí òrùka náà ti kéré. Bí ọwọ́ náà sì ti ń rìn nínú omi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀lé e, tí omi ń pínyà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn èrò mí sínú lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn náà sì gba gbogbo gbọ̀ngàn. Ọba gbọ́ ọ. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i, orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà, ó dìde, ó na ọ̀pá, ó sì kọjá lọ bá ọmọ rẹ̀.

Àtẹ́wọ́ kò tíì tán nígbà tí Ìyá Ìmọ́lẹ̀ sáré dé ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Olùdarí ti di apá bàbá mú, ojú rẹ̀ pọ́n. Kábíyèsí gbọ́ ìró ẹsẹ̀ obìnrin náà, ó yíjú sí i kó tó kí i.

“Mo gbọ́ tí wọ́n mí,” ló wí. “Kí ló ṣẹlẹ̀? Sọ ọ́ fún mi, má fi ìkankan pamọ́.”

Ó sọ ọ́ fún un: òrùka, òkúta wẹẹrẹ, bí omi ṣe ń gba àárín wọn. Bàbá ń gbọ́ bí ẹni tí wọ́n ń bu oúnjẹ fún.

“Ẹja ńkọ́?” ó bi í. “Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Ṣé mo mú un?”

“Ó kù díẹ̀, Bàbá,” ni Ìyá Ìmọ́lẹ̀ dáhùn. “Ó gba àárín ìka yín méjì kọjá.”

Kábíyèsí gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ó ya àwọn ìka rẹ̀, ó sì nà án sí i.

“Àárín èwo àti èwo?”

Ó mú ọwọ́ náà, ó sì fi hàn án.